Ta Ló Bu Owó Lé Yìnyín?

Bọ̀dá mi kan wà ní Denver, ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ní ọmọ àwọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti iléèwé dé, ó ní àwọn ọmọ kíláàsì òun kan fẹ́ lọ ṣe síkíì lópin ọ̀sẹ̀, òun náà fẹ́ lọ. Wọ́n dá a lóhùn pé eré olówó nìyẹn. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá bèèrè pé, "Dádì, ṣé tálákà ni wá ni?" Bọ̀dá mi ní àwọn ò rí èsì fọ̀. Èmi náà ò rí. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi.

Fún ẹni tí ò bá tíì rí i nínú fíìmù, pátákó pẹlẹbẹ gígùn méjì ni wọ́n ń dè mọ́ bàtà, tí èèyàn á máa fi yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí yìnyín. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ á gbé ọ dé orí òkè, wàá wá yọ̀ wálẹ̀. Ti èkejì, kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀: ẹsẹ̀ ara rẹ ni wàá fi la igbó àti pápá kọjá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Vail wà ní nǹkan bí 100 máìlì sí Denver. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní oṣù Kejìlá ọdún 1962, dọ́là 5 ni tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan. Ní ìgbà òtútù 2024 sí 2025, àgbàlagbà tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ térò pọ̀ á san ju dọ́là 300 lọ. Bàbá àti ìyá nìkan ti san 600, kó tó kan tọmọ, kí wọ́n tó yá pátákó àti bàtà, kí wọ́n tó sanwó olùkọ́ tó máa kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Lóòótọ́, káàdì kan wà, Epic Pass, tí wọ́n gbé jáde ní 2008. Ẹni tó bá rà á kí yìnyín tó bọ́ lè fi ṣeré lórí òkè púpọ̀ títí ìgbà òtútù á fi parí. Bó bá lọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, owó ọjọ́ kan á wálẹ̀ gan-an. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó lówó àpò ìrẹsì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń jẹ ìrẹsì ẹ̀dínwó, ẹni tó ń ra kóńgò kọ̀ọ̀kan ló ń san jù.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà èèyàn ni. Àwọn tó ń gba owó náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Ní 1936, ní Sun Valley, ìpínlẹ̀ Idaho, ni àga tó ń gbé èèyàn gòkè ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. James Curran, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ rélùwéè Union Pacific, ló ronú rẹ̀. Ó ti mọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, ó bá yọ ìkọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò, ó fi àga sí i. Ẹ gbọ́ ná, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ṣáájú òyìnbó gòkè! Ẹ̀rọ yẹn ń jẹ iná, òṣìṣẹ́ ń gbowó oṣù, àwọn kan sì wà níbẹ̀ tó ń gbé ẹni tó bá ṣubú. Ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ la ti ń jẹ. Torí náà, kì í ṣe yìnyín ni wọ́n ń tà. Gígòkè ni wọ́n ń tà. Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú òkè Vail, nínú igbó ọba tí wọ́n ń pè ní White River National Forest.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ń dùn mí ni pé a ti gba ẹ̀rọ àti eré ní ohun kan náà. Ní Norway, wọn ò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin 1957 kan gba gbogbo èèyàn láyè láti rin igbó àti òkè, ẹni yòówù kó ni ilẹ̀. Nígbà òtútù, kódà oko olóko, bí ilẹ̀ bá ti dì tàbí tí yìnyín bò ó, o lè gbabẹ̀ kọjá, bí o ò bá ṣáà ti wọ àyíká ilé onílé. Ètò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní BUA: ọmọdé á lọ yá pátákó lọ́fẹ̀ẹ́, á lò ó, á dá a padà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ gbé òun níbẹ̀ náà á sanwó, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní in ò ní torí ẹ̀ jókòó sílé. Ẹnìkan á ní Norway lówó epo. Ọdún 1969 ni wọ́n tó rí epo ńlá wọn, òfin yẹn ti wà kó tó dìgbà náà. Àwa rí tiwa ní Olóìbírí ní 1956. Ẹ jẹ́ n dákẹ́ níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà pàápàá, àwọn kan ò káwọ́ gbera. Ní 1973, Ben Finley àti Art Clay kó àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ń ṣe síkíì jọ sí Aspen, ní Colorado yìí kan náà. Ibẹ̀ ni National Brotherhood of Skiers ti ṣẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń kówó jọ kí ọmọ aláwọ̀ dúdú lè kọ́ eré náà dójú àmì. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.

Bọ̀dá mi fi òwe dá mi lóhùn: ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Mo gbà. Owó ilé ṣáájú eré, n ò sì ní kẹ́nikẹ́ni yáwó torí yìnyín. Ṣùgbọ́n "owó rẹ̀ ò tíì sí lọ́wọ́ wa" jẹ́ ìṣirò, ó lè yí padà lọ́la. "Eré olówó ni" jẹ́ ìdájọ́, ọmọdé sì tètè ń gbọ́ ìdájọ́. Wọn ò pe ọmọ yẹn ní tálákà. Òun fúnra rẹ̀ ló fà á yọ nínú èsì tí wọ́n fún un. Ká ní ẹnìkan sọ fún wa ní kékeré pé ayò ò ṣeé ta àfi lórí ọpọ́n gbígbẹ́ ńkọ́? Inú ilẹ̀ la gbẹ́ ihò sí, òkúta la ṣà, a sì ta á.

Mo tún pè wọ́n. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ sọ òótọ́ owó ẹ̀rọ fún un. Kẹ́ ẹ wá wá ibi tí ewu ò sí nínú igbó ọba yẹn, ẹ yá pátákó, kẹ́ ẹ jọ fẹsẹ̀ rìn ín." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní èmi tí n ò rí yìnyín rí ju ti inú fíríìjì lọ ni mo ń kọ́ àwọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni yìnyín ń bọ́ sórí òrùlé olówó àti ti bọ̀dá mi ní Denver. Ọmọ náà sì wà lójú fèrèsé, ó ń wò ó. Ó ṣì ń retí èsì.