Ọmọ Alágẹmọ
(Orin Dáfídì 90:12)

Ẹ̀nyin ará nínú Olúwa, àwọn bàbá wa a máa wí pé alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ ná, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Irú alágẹmọ kan mbẹ nínú igbó gbígbẹ ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Madagásíkà, Furcifer labordi li orúkọ rẹ̀. A kò rí i ní ilẹ̀ mìíràn. Ní ọdún 2008 ni àwọn onímọ̀ kéde ohun ìyanu nípa rẹ̀: oṣù 8 tàbí 9 li ó nlò nínú ẹyin nísàlẹ̀ ilẹ̀. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, ẹyin a pa. Lẹ́hìn oṣù 4 tàbí 5, ó ti dàgbà, ó ti yé ẹyin tirẹ̀, ó sì ti kú. Ọmọ kì í rí ojú ìyá.

Ọlọ́run ti fi ìmọ̀ tí ó tó fún un sínú ẹyin náà. Ọmọ ènìà kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí a kò kọ́, kò lè mọ̀. Ẹ̀nyin òbí àti olùkọ́, bí àwọn ọmọ wa kò bá mọ àdúrà í gbà lẹ́hìn wa, a kì yíò lè wí pé ọwọ́ wọn li ó kù sí. A kò mọ iye ọjọ́ wa. Nítorínà ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn lónìí, nígbà tí wọ́n ṣì nrí ojú wa. Àmín.