Àgùntàn Kan Ṣoṣo ti Tálákà

Ẹ̀kọ́ fún àṣàrò: Ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí 12, ẹsẹ 1 sí 7.



Àwọn ọ̀ràn kan wà tí ìbáwí nìkan kò lè parí. Bí a bá pe ẹlẹ́ṣẹ̀ síwájú, tí a sì ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i létí, àwíjàre ni yóò fi dáhùn. Wòlíì Nátánì mọ èyí. Dáfídì ti gba aya Ùráyà, ó sì ti fi ìwé tí ó pàṣẹ ikú Ùráyà rán Ùráyà fúnra rẹ̀ sí Jóábù. Síbẹ̀ ìtàn ni Nátánì fi bẹ̀rẹ̀: ọlọ́rọ̀ kan, tálákà kan, àlejò kan, àti abo ọ̀dọ́-àgùntàn tí ó ń bá tálákà náà jẹun, tí ó sì ń sùn ní àyà rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i bí ìtàn náà ti to olúkúlùkù sí ipò rẹ̀. Ùráyà ti kú. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn, ó tún dìde dúró níwájú ọba gẹ́gẹ́ bí tálákà. Ọba bínú, ó dá ẹjọ́, nígbà náà ni ó tó gbọ́ pé òun fúnra òun ni òun dá lẹ́bi.

Ní ayé òde òní, Bert Hellinger ará Jámánì (1925–2019), tí ó ti jẹ́ àlùfáà Ìjọ Àgùdà àti míṣọ́nnárì láàárín àwọn Súlú ní Gúúsù Áfíríkà rí, tan ètò kan kálẹ̀. Ẹni tí ó ní ìṣòro ìdílé a yan àwọn ẹlòmíràn láti dúró fún bàbá, fún ìyá, àti fún ẹni tí ilé ti gbàgbé. A sì tò wọ́n sí àárín yàrá, kí ó lè fi ojú rí ẹni tí ó kẹ̀yìn sí ẹnì kejì, àti ẹni tí kò ní ààyè. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí agbára ètò yìí, àwa kò sì pè é ní oògùn. Ṣùgbọ́n ó bá ọgbọ́n Nátánì mu ní ọ̀nà kan: ó ń wá ẹni tí a ti ta nù. Títò a máa fi ipò hàn, ìtàn a sì máa rọ ọkàn. Nátánì lo méjèèjì pọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ìjà ogún bá dé, tàbí tí ìgbìmọ̀ ìjọ bá pín sí méjì, ẹ má ṣe kánjú. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀yin olùkọ́ àti alàgbà, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: Ta ni a kò dárúkọ nínú ọ̀ràn yìí? Opó ni bí, tàbí ọmọ tí a kò gbà wọlé, tàbí òkú tí a kò sunkún rẹ̀? Ẹ fún un ní ààyè nínú ìtàn yín, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn oníjà fúnra wọn dá ẹjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń pa ìtàn kọ́kọ́ wo ibi tí òun dúró sí nínú rẹ̀. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni àwa jẹ́ Nátánì. Nígbà mìíràn, àwa ni ọlọ́rọ̀ náà.

Kí Olúwa fún wa ní etí láti gbọ́ ìtàn ara wa, àti ọkàn láti ronúpìwàdà. Àmín.