Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́

 

Ẹ̀yin ará Ìdànrè, ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo gbé wá lónìí. Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ti gba òwe yẹn sódì, a rò pé bí aṣọ bá ṣe pọ̀ tó ni iyì ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ ṣí àpótí yín wò. Áńkárá òkú wà níbẹ̀, léèsì ìgbéyàwó wà níbẹ̀, èyí tó há ní ìgbáròkó àti èyí tí èjìká rẹ̀ ti ya lọ sápá. Àpótí kún, síbẹ̀ bí wọ́n bá pè yín sí ìpàdé ní Àkúrẹ́ lọ́la, ẹ ó ní ẹ ò ní aṣọ. Aṣọ wà, èyí tó bá yín mu ni ò sí.

Owó tí a fi ń kó wọn jọ ńkọ́? Kòkó ni owó ìlú wa. Ní 2024, owó tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Kí 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ gan-an. Aṣọ ẹbí tí a fi owó ọdún tó dára rà kì í padà di owó lọ́dún tó le. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù tó kéré jù, 70,000 náírà tí òfin 2024 fi lélẹ̀, ńkọ́? Bó bá ra aṣọ ẹbí, tó ra gèlè, tó san owó télọ̀, kí ló kù fún gàrí? Ẹni tó jẹ gbèsè nítorí aṣọ, ìhòòhò ló wà. Bí wọ́n bá mú aṣọ ẹbí wá, ẹ ra fìlà tàbí gèlè nìkan, kí ẹ wọ aṣọ funfun tí ẹ ní tẹ́lẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn yín kò ní lé yín kúrò níbi ọbẹ̀.

Aṣọ àwọn baba wa ní àyè nínú. Okùn ni wọ́n fi ń so ṣòkòtò mọ́dìí, ìró sì rèé, ṣe ni ìyá ń ró o mọ́ra. Bí ara sanra, bí ara rù, aṣọ kan náà ló ń gbà á. Ṣẹ́ẹ̀tì, kóòtù àti síkẹ́ẹ̀tì ò mọ ìyẹn. Ara ẹlòmíràn nílùú òkèèrè ni wọ́n gé òkìrìkà mọ́. Mo mọ̀ pé aṣọ àlòkù wà lára ẹrù tí ìjọba kà léèwọ̀ láti kó wọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ó wà lọ́jà, ẹ sì ń rà á. Ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n rà á nígbà náà.

Èjìká ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ojú ìrán èjìká bá bọ́ sórí egungun èjìká yín gẹ́lẹ́, ẹ lè rà á, nítorí ìdí tó fẹ̀ àti apá tó gùn kò nira fún télọ̀ láti tún ṣe. Èjìká ló nira. Ẹ gbé aṣọ náà sójú oòrùn, kí ẹ wo abẹ́ apá, ọrùn àti àárín ẹsẹ̀. Fífi ìdí ṣòkòtò wé ọrùn wò dára, ṣùgbọ́n kò sọ bí itan ṣe máa rí. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ jókòó, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ na ọwọ́ sókè. Aṣọ tí ẹ ò bá lè wọ̀ gun àkàsọ̀ Òkè Ìdànrè, tó lé ní 600, kò tíì bá yín mu. Bí ẹ bá ra èyí tó bá yín mu tán, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ lọ̀ ọ́ dáadáa. Ní ti àwọ̀tẹ́lẹ̀, ẹ ra tuntun.

Ẹ má ná gbogbo owó tán lórí aṣọ, kí ẹ wá máa bá télọ̀ jà lórí owó iṣẹ́. Owó télọ̀ wà lára owó aṣọ. Ẹ mú aṣọ àtijọ́ kan tó bá yín mu lọ fún un, kó fi ṣe àwòṣe. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ Kérésì, ìgbà tí iṣẹ́ ti bo télọ̀ mọ́lẹ̀. Fún yunifọ́ọ̀mù ọmọ, ẹ ní kó fi ìṣẹ́tí tó gùn sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ máa tú u sílẹ̀ bí ọmọ ṣe ń ga.

Aṣọ méje tó bá ara mu, tó mọ́, tí a lọ̀, sàn ju ogún tí èèyàn kò lè wọ̀ lọ. Ẹni tó bá rí yín nínú wọn kò ní ka iye tó wà nínú àpótí. Bó ṣe dúró lára yín ló máa rí.

Nígbà tí ẹnìkan bá wọ aṣọ tuntun, àdúrà wa fún un ni pé yóò lò ó gbó. Ẹ jẹ́ ká máa ra èyí tí àdúrà náà lè gbà lé lórí. Èyí tí ẹ bá rà lọ́dún yìí, ẹ ó lò ó gbó o. Àṣẹ.