Nígbà Tí Ẹnì Kan Bá Ṣìṣe Lójú Gbogbo Ayé

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa mọ̀ lórí ahọ́n, ṣùgbọ́n tí ó ṣòro fún wa láti fi ṣe ìwà hù: pé ẹṣin tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ń ṣubú, kí á má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ènìyàn tí ó ní ẹsẹ̀ méjì. Bí àwa fúnra wa bá kọsẹ̀, kíá ni a ó rántí ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹlòmíràn bá kọsẹ̀, tí ìkọsẹ̀ rẹ̀ sì kó bá wa, a ó gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí á jọ yẹ ìbéèrè kan wò lónìí: ẹni tí ó ṣìṣe, tí àṣìṣe rẹ̀ sì mú àdánù bá ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí ni ó tọ́ sí i lọ́wọ́ àwọn tí ó pàdánù? Ṣé ìbáwí ni, tàbí ìfàmọ́ra? Bí ó bá sì jẹ́ ìfàmọ́ra, ṣé a kò ti fi òtítọ́ wọ́lẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á fi ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1982, àwọn yunifásítì méjì pàdé ní ìlú New Orleans láti gbá àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan ni North Carolina. Èkejì ni Georgetown ti ìlú Washington, ilé-ẹ̀kọ́ tí John Carroll, bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ ní 1789, tí ó sì wà lábẹ́ àbójútó àwọn àlùfáà Ẹgbẹ́ Jésù. Àwọn òǹwòran tí ó wà nínú gbọ̀ngàn ńlá náà lé ní 61,000, àwọn tí ó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n kò sì lóǹkà.

Eré náà le gidigidi. Bí ẹgbẹ́ kan ti ń ga ni èkejì ń bá a. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, Georgetown ní 62, North Carolina ní 61. Nígbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní ọdún kìn-ín-ní rẹ̀ ní yunifásítì, Michael Jordan, ju bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́, ó sì wọlé: 63 sí 62. Síbẹ̀ àyè ṣì wà fún Georgetown láti ju bọ́ọ̀lù kan sí i. Fred Brown ni ó di bọ́ọ̀lù náà mú. Ó rí ẹnì kan ní ẹ̀bá rẹ̀, ó rò pé ẹlẹgbẹ́ òun ni, ó sì ju bọ́ọ̀lù sí i lọ́wọ́. James Worthy ni ẹni náà, ọmọ North Carolina! Wọ́n ṣẹ̀ Worthy, wọ́n fún un ní bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì, méjèèjì kò sì wọlé; ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí Georgetown ju kẹ́yìn láti ọ̀nà jíjìn kò dé ibi tí ó ń lọ. Eré parí. Àmì kan ṣoṣo ni wọ́n fi fìdí rẹmi.

Kí ni John Thompson, akọ́nimọ̀ọ́gbá Georgetown, ṣe? Ọkùnrin gíga fíofío yìí na ọwọ́, ó sì fa Fred Brown mọ́ àyà rẹ̀ níbẹ̀, lójú àwọn tí ó ṣẹ́gun àti àwọn tí a ṣẹ́gun, kí ẹnikẹ́ni tó rí àyè dá ọmọ náà lẹ́bi.

Àwọn kan lè wí pé inú rere ni èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òdodo, nítorí pé Brown ni ó mú kí wọ́n pàdánù. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré náà gan-an, Patrick Ewing, òmìrán ọmọ Georgetown, ń fi ọwọ́ gbá àwọn bọ́ọ̀lù tí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ sínú agbọ̀n. Òfin eré náà kà á sí pé bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ti wọlé, àmì 8 tí North Carolina kọ́kọ́ ní sì ti ọ̀nà yìí wá. Bí ó bá jẹ́ pé àmì kan ni ó pin eré náà, èéṣe tí a kò fi ka 8 wọ̀nyẹn? Síbẹ̀ Ewing kan náà ni ó ju bọ́ọ̀lù tí ó mú àmì 23 wá fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò dá a lẹ́bi?

Ó dà bí àwọn obìnrin tí ó lọ pọn omi lódò fún àsè. Ti ọ̀kan dànù lójú ọ̀nà, ti èkejì ń jò díẹ̀díẹ̀, ẹ̀kẹta sì fọ́ ìkòkò tirẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé. Nígbà tí omi kò bá tó lò, ẹni tí ó fọ́ ìkòkò lójú àlejò nìkan ni ilé yóò máa pariwo lé lórí. Àṣìṣe tí ó kẹ́yìn ni ojú ń rí jù. Ṣùgbọ́n pé ojú rí i jù kò sọ ọ́ di èyí tí ó tóbi jù. Ẹni tí ó bá sì wí pé Brown ni ó fún North Carolina ní ife ẹ̀yẹ ti fi ẹ̀tọ́ du àwọn aṣẹ́gun pẹ̀lú, nítorí pé Worthy ti fi òógùn ojú rẹ̀ gba àmì 28 lọ́jọ́ náà kí bọ́ọ̀lù Brown tó bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ẹlòmíràn yóò tún béèrè pé: bí a bá ń fa aláṣìṣe mọ́ra, ṣé àwọn yòókù kò ní sọ iṣẹ́ di yẹpẹrẹ? Ìbéèrè gidi ni. Ó yẹ kí á mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó sapá tí ó sì ṣìṣe, ẹni tí kò bìkítà, àti ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi. Oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti kọ́ wa pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, kí á fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ara kan náà ni ó ni ọwọ́ méjèèjì. Ìfàmọ́ra Thompson kò yí iye àmì padà. Kò sọ pé bọ́ọ̀lù kò bọ́. Ohun tí ó sọ ni pé ọmọ náà ju bọ́ọ̀lù tí ó bọ́ lọ. A sì mọ Thompson sí ẹni tí kì í gbàgbàkugbà, pàápàá ní ti ẹ̀kọ́ ìwé. Ó ní bọ́ọ̀lù kan tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú, tí ó fi ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí afẹ́fẹ́ yóò jáde kúrò nínú bọ́ọ̀lù, kí olúkúlùkù wá ohun mìíràn tí yóò gbé ara lé. Ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ pé bọ́ọ̀lù kọ́ ni gbogbo ayé rẹ̀, kò lè wá fi bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo dá gbogbo ayé ọmọ náà lẹ́jọ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1984, Georgetown tún dé àṣekágbá, ní ìlú Seattle. Wọ́n ṣẹ́gun Houston, 84 sí 75. Fred Brown ṣì wà nínú ẹgbẹ́ náà, Thompson sì tún fà á mọ́ra. Inú wa dùn láti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra níbí yìí. Kì í ṣe ìṣẹ́gun 1984 ni ó sọ ìfàmọ́ra 1982 di ohun rere. Ìfàmọ́ra kejì rọrùn. Ta ni kò lè dì mọ́ ẹni tí ó gba ife? Ti ìṣáájú ni ó ná ènìyàn ní nǹkan. Bí Georgetown kò bá tilẹ̀ borí láéláé, yóò ṣì jẹ́ ohun tí ó tọ́.

Ẹ sì wo ẹgbẹ́ kejì lọ́jọ́ náà. Ọmọ wa láti Èkó, Hakeem Olajuwon, wà nínú ẹgbẹ́ Houston. Wọ́n ti pàdánù ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá ní 1982. Ní 1983 wọ́n pàdánù àṣekágbá fún North Carolina State, 54 sí 52. Ní 1984 wọ́n tún pàdánù. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣẹ́gun nìkan ni ó ń sọ ènìyàn di ẹni ìfàmọ́ra, kí ni à bá fún irú àwọn bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní gbá bọ́ọ̀lù níwájú 61,000 ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ yóò gbé èsì ìdánwò tí kò dára wálé. Ọmọṣẹ́ yóò gé aṣọ oníbàárà ní ìgékúgèé. Akápò ẹgbẹ́ yóò ṣi owó kà, gbogbo ẹgbẹ́ yóò sì gbọ́. Ní wákàtí náà, ojú gbogbo ilé yóò wà lára ẹni náà, tirẹ̀ yóò sì máa wá ojú ẹnì kan ṣoṣo tí ó gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ ìbáwí lè dúró di ọ̀la, nígbà tí ara bá rọ̀ tí etí sì ṣí. Ọwọ́ tí a ó nà sí i kò gbọdọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.