Ṣùkú Lọ́jọ́ Èyọ̀

Lọ́jọ́ tí eégún Èyọ̀ bá jáde ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bàtà ò gbọdọ̀ wà lẹ́sẹ̀, sìgá ò gbọdọ̀ wà lẹ́nu, ọ̀kadà ò sì gbọdọ̀ kọjá níbi tí ó bá gbà. Àwọn èèwọ̀ wọ̀nyí kì í ya àlejò lẹ́nu púpọ̀. Èyí tó máa ń yà wọ́n lẹ́nu ni ti irun: obìnrin tó bá di ṣùkú kò gbọdọ̀ bá Èyọ̀ pàdé. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pámbàtà, ọ̀pá ọwọ́ Èyọ̀, ni yóò dá a lóhùn. Èyọ̀ tó pẹ́ jù lọ tó wà lákọsílẹ̀ ni ti ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1854, tí wọ́n fi ṣe ẹ̀yẹ fún Ọba Akíntóyè tó wàjà. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó pé àádọ́ta ọdún, Èyọ̀ tún jáde ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2017, èèwọ̀ ṣùkú sì ṣì wà ńbẹ̀.

Kí ló kan òrìṣà nínú irun tí obìnrin kó jọ sí àtàrí?

Ìbéèrè yìí ti tún gbéra sọ lóde òní. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́bìnrin Èkó ti pa rílásà tì, irun tí Ẹlẹ́dàá fún wọn, tó ká kọ́rọkọ̀rọ, ni wọ́n ń gbé jáde. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń di í. Wọ́n á kó o jọ sí àárín orí, wọ́n á lọ́ ọ yípo ara rẹ̀ títí yóò fi ṣù, wọ́n á wá fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan gún un. Ẹnu igi náà á kọ́kọ́ kó díẹ̀ lára irun tó wà létí ìṣù náà, wọ́n á dojú rẹ̀ kọ ìdí irun, yóò rá gba ẹ̀bá awọ orí kọjá láìgún un, yóò sì yọ lódìkejì. Kò sí rọ́bà, kò sí jẹ́lì. Ẹni tó bá dúró lókèèrè kò ní mọ̀ bóyá ṣùkú ni tàbí irun onígi. Láti etí orí yípo ni wọ́n ti ń di ṣùkú wá sí àárín. Kíkó lásán ni wọ́n kó èyí jọ. Ṣùgbọ́n ibì kan náà ni àwọn méjèèjì forí lé, òkè ni wọ́n sì ń lọ.

Ó yẹ kí á mọ ohun tí igi yìí ń gba irun lọ́wọ́ rẹ̀. Irun tó ká púpọ̀ máa ń gbẹ, torí òróró tí awọ orí ń sun kì í tètè rìn dé ṣóńṣó rẹ̀. Gbogbo ibi tó ti ṣẹ́ kọ́rọ́ ni ó ti lè já. Bí a bá ń fi rọ́bà dè é le lójoojúmọ́, tàbí tí onídìrí fà á débi pé iwájú orí ń wú, etí irun á máa sá padà sẹ́yìn, bí ó bá sì pẹ́, ó lè má hù mọ́. Kíká yẹn kan náà ló jẹ́ kí igi kan ṣoṣo tó, torí irun fúnra rẹ̀ ló ń di igi náà mú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe a máa fi òwú kó irun sùn mọ́jú kí ó lè nà láìkan iná, wọ́n á fi òrí tàbí òróró àgbọn pa á, wọ́n á sì rí i dájú pé igi náà dán, nítorí igi tí kò dán yóò fa irun já.

Nínú èrò Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí ju ẹwà lọ. Orí òde tí à ń rí ló bo orí inú, èyí tí ẹ̀dá yàn lọ́run kó tó wáyé. A máa ń bọ ọ́; àwọn àgbà tilẹ̀ ń fi awọ àti owó ẹyọ ṣe ilé fún un. Àwọn agbẹ́gilére a máa gbẹ́ orí ère tóbi ju bí ó ti yẹ ara lọ, wọ́n a sì fi sùúrù fín irun rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀, onídìrí ni. Òòyà iyùn wà nínú ohun tí àwọn olùsìn rẹ̀ fi ń kì í. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ọkùnrin pátápátá, ń di irun nítorí pé ìyàwó òrìṣà ni. Bí ènìyàn bá fẹ́ wọlé òrìṣà, àtàrí rẹ̀ ni wọ́n ń fá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé òṣù lé. Fífá apá kan orí ni wọ́n fi ń dá ìlàrí, ìránṣẹ́ Aláàfin, mọ̀, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921.

Bí a bá to ìwọ̀nyí pọ̀, èèwọ̀ Èyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí yéni. Àtàrí ni agbára ń gbà wọlé. Orí tó gbéra sókè níbi tí ará ọ̀run ti ń kọjá ń bá a du ipò. Bàtà tí a bọ́ àti ṣùkú tí a tú, ìtẹríba kan náà ni, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Àwọn tó ni awo lè ní àlàyé tó jinlẹ̀ ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ohun kan hàn gbangba: èèwọ̀ náà kò pe irun ní ìdọ̀tí, kò sì pe obìnrin ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Ó ka orí kún alágbára, ìdí nìyẹn tó fi ní kí ó rẹlẹ̀. Bí a bá sì fi ọgbọ́n yẹn wò ó, irun onígi kò lè sọ pé òun kì í ṣe ṣùkú. Kí oníirun fa igi náà yọ, kí ó sọ irun kalẹ̀ sí ìpàkọ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, orí rẹ̀ tún ti di tirẹ̀.

Èyọ̀ nìkan kọ́ ló ń bá àtàrí obìnrin Erékùṣù Èkó sọ̀rọ̀. Láti 1894 ni Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ti wà ní òpópónà Martins, àwọn mùsùlùmí ibẹ̀ kò sì ṣàì gbọ́ hádíìsì inú Sàhíhù Muslim tó dárúkọ àwọn obìnrin tí orí wọn rí bí iké ràkúnmí. Ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò lórí ìtumọ̀ rẹ̀: àwọn kan ní irun tí a kó jọ sókè ni, àwọn mìíràn ní aṣọ tí a wé mọ́ ọn kí ó lè tóbi lójú ayé ni. Ní gbàgede Campos, tí kò jìnnà sí Igbosere, ọ̀dọ́bìnrin kan, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, rí ìran ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1925 níbi ìwọ́de Corpus Christi. Láti inú ìran yẹn ni òun àti Mósè Orímọládé ti dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀, ìjọ tí obìnrin kì í ti gbàdúrà láìbo orí. Ìwé Pétérù kìíní sì kìlọ̀ pé kí ẹwà obìnrin má ṣe jẹ́ ti irun dídì.

Ojú àwọn tó ń wòran ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń rò. Hádíìsì kan yàtọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́ ju bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ. Ummu Salamah, ìyàwó Ànábì, sọ fún un pé òun a máa di irun òun le. Ṣé kí òun tú u fún ìwẹ̀ jánábà? Ànábì ní rárá, kí ó bu omi sórí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti tó. Ẹni tó ni orí ló béèrè, làálàá ọwọ́ tó di irun náà ni ìdáhùn sì rò. Ẹ̀sìn tó bá lè ro ìyẹn ti mọ orí níyì.

Òṣùwọ̀n yẹn ló yẹ kí á gbé lọ sí Igbosere. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí iná tó jó Ilé Ẹjọ́ Gíga ibẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2020, irun ẹṣin ni àwọn agbẹjọ́rò ń dé lórí wọ inú rẹ̀. Humphrey Ravenscroft ará Lọ́ńdọ̀n ló gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí irú wíìgì náà ní 1822, kí àwọn agbẹjọ́rò lè bọ́ lọ́wọ́ lílọ́ àti fífi àtíkè sí wíìgì lójoojúmọ́. Obìnrin tó fi igi kó irun sí àtàrí ò lè dé e. Ó di dandan kí ó tẹ irun rẹ̀ rì. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, wọn kò jẹ́ kí Firdaus Amasa wọlé síbi tí wọ́n ti ń sọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin di agbẹjọ́rò ní Àbújá, torí pé ó wọ híjáàbù sábẹ́ wíìgì. Ní oṣù keje ọdún 2018 ni wọ́n tó gbà á, tòun ti híjáàbù rẹ̀.

Èyọ̀ ń gba orí fún ọjọ́ kan, ó sì ní ẹni tó ń tẹrí ba fún. Irun ẹṣin ń gbà á ní gbogbo ọjọ́ tí a bá jókòó ẹjọ́, kò sì sí òkú ọ̀run tàbí Ọlọ́run kankan tó ní kí á dé e. Bí wọ́n ti gba híjáàbù láyè, ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe òfin iṣẹ́ amòfin jẹ́ kí obìnrin dúró níwájú adájọ́ pẹ̀lú irun orí rẹ̀ nìkan, ìbáà jẹ́ ṣùkú, ìbáà jẹ́ èyí tí igi dì mú.