Àmì Orí Orúkọ

Oke-Sopen, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń kọ ọ́ nìyẹn, láìsí àmì lórí, láìsí àmì nísàlẹ̀, a sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbí. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà á pè é dáadáa. Kọ̀ǹpútà ńkọ́?

Kátálọ́ọ̀gì láíbìrì ló mú wa ronú kan èyí. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, Henriette Avram àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Library of Congress, l'Amẹ́ríkà, ṣe MARC, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń ka àkọsílẹ̀ ìwé: 100 ni òǹkọ̀wé, 245 ni àkọlé. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ wọn o, àyè wà níbẹ̀ fún àmì. Àmọ́ nínú ìlànà àtijọ́ yẹn, àmì ló ń ṣáájú lẹ́tà; nínú Unicode, lẹ́tà ló ń ṣáájú. Ẹni tó bá kó àkọsílẹ̀ láti inú ọ̀kan sí èkejì láìfarabalẹ̀, àmì á lọ jókòó sórí lẹ́tà ẹlòmíì, tàbí kó sọnù pátápátá.

Tó bá sọnù ńkọ́? Oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: gbogbo wọn di "oko". Ìwé àgbẹ̀ àti ìwé ìgbéyàwó wọ àpò kan náà, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ èyí tó jẹ́ èwo.

Ẹ lè ní, ṣebí "oko" náà la máa ń tẹ̀ lórí fóònù? Òótọ́ ni, àwa náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun téèyàn fi ń wá ìwé yàtọ̀ sí ohun tí láíbìrì tọ́jú. Kí ẹ̀rọ gbójú fo àmì nígbà tó bá ń wá nǹkan, kò burú. Kó yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀, ìyẹn la ò gbà.

Àwọn ìwé tó ti wà ṣáájú àkọtọ́ 1974 ńkọ́, àwọn tó ní "aiye" àti "enia" lára? Ẹ jẹ́ kí "aiye" wà ní 245 bí òǹkọ̀wé ṣe kọ ọ́, kí "ayé" wà ní 246, kí ọmọ tó ń wá a lónìí lè débẹ̀.

Ní báyìí, BIBFRAME ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò MARC. Ẹrù tún fẹ́ ṣí lọ nìyẹn. Orúkọ tí kò ní àmì látilẹ̀, bí Oke-Sopen, ẹni tó jókòó sí Washington ò lè fi sí i. Àfi kí ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó kan pè é sókè fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, kó sì dúró tì í títí tó máa fi tẹ̀ ẹ́ tán.