Ta Ni Mò Ń Gbààwẹ̀ Fún?



Ní Ramadan tó kọjá, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ọmọdé kan ní mọ́sálásí wa níbí ní Amẹ́ríkà nawọ́ sí mi, ó bi ìyá rẹ̀ pé: "Mọ́mì, ṣé bọ̀ọ̀dá yẹn ò gbààwẹ̀ ni? Wọ́n ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù." Ìyá rẹ̀ pa á lẹ́nu mọ́ kíá, àmọ́ òun náà yọjú wò mí.

Kò sí nǹkan kan lẹ́nu mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ tí mo ti ń lo haloperidol, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Òun ló jẹ́ kí n lè parí ẹ̀kọ́ másítà mi, kí n sì máa ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo fi ń bọ́ ìdílé mi. Ṣùgbọ́n bí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá pẹ́ lára, ó lè mú kí ahọ́n, ètè, àgbọ̀n tàbí ìka máa mì fúnra wọn. Tardive dyskinesia ni àwọn dókítà ń pè é. Metoclopramide, tí wọ́n ń lò fún èébì, náà lè fà á.

Ojú tì mí. Mo délé, mo ní n kò ní lo oògùn mọ́ títí ààwẹ̀ yóò fi parí. Mo ní Ọlọ́hun ni mo gbára lé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, n kò rí oorun sùn, ẹnu mi ń mì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ohùn tí mo ti gbàgbé sì tún ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ló gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Lórí ibùsùn ni mo ti rí òtítọ́: ìgbáralé Ọlọ́hun kọ́ ni mo ṣe, ṣekárími ni. Ẹni tó so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò kọ Ọlọ́hun sílẹ̀. Ààwẹ̀ ni ìjọsìn tí ojú èèyàn kì í rí. Ẹni tó mu omi ní kọ̀rọ̀, ta ló mọ̀? Bí mo bá wá fi làákàyè tí Ọlọ́hun fún mi ṣòfò nítorí ohun tí ọmọdé rò, ta ni mo sìn? Sūratul-Baqarah, ẹsẹ 185, fún aláìsàn láyè láti san ààwẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Àánú ni, kì í ṣe ìtìjú.

Dókítà fi oògùn mìíràn rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì fi valbenazine kún un, ọ̀kan nínú oògùn méjì tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún mímì yìí ní ọdún 2017. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni, mo máa ń lò ó lẹ́yìn ìṣínu. Mímì náà dínkù, kò tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ààwẹ̀ tó wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá, ẹ rántí ohun tí Sūratul-Hujurāt, ẹsẹ 12, sọ nípa èrò burúkú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe ọmọ yẹn, mo sọ fún un pé oògùn ló ń mi ẹnu mi. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀ọ̀dá. Ọlọ́hun á fún yín ní àlàáfíà." Ohun tí mo fi odidi ọdún kan bẹ̀rù kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa ní ìjọsìn. Àmín.